Lójú Àwọn Ọmọ Ogun Ara ni Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Dàgbà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan wà tí àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn kì í yéé bi dókítà: "Ṣé ara rẹ̀ ò rí i ni? Ṣé àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ sùn ni, tí kókó yìí fi tóbi tó báyìí?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Bí ẹ̀gún lásán bá gún wa lẹ́sẹ̀, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibẹ̀ á ti wú, á ti pọ́n, á ti máa gbóná, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti ya bo ibẹ̀. Báwo wá ni kókó tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ ṣe lè jókòó sínú ẹ̀yà ara kan kí ara má mọ̀?

Ara mọ̀. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ti rí jẹjẹrẹ náà tipẹ́tipẹ́, ó ti bá a jà, ó sì ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí dókítà wá ń rí nínú àwòrán ni ìyókù: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìjà yẹn kò rí pa, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ẹni tí èyí bá yé kò ní máa wá ohun tí yóò "fún ara lágbára" nìkan. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí jẹjẹrẹ náà ṣe tí ọwọ́ ara kò fi tó o mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ara ṣe ń dá a mọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kòkòrò àrùn tó ti ìta wọlé, àjèjì ni, ohun tó wà lára rẹ̀ kò jọ tiwa, kì í sì í ṣòroó dá mọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tiwa ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. DNA tiwa, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, àyàfi ibi tí àṣìṣe bá ti wọ̀ ọ́. Àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn gan-an ló máa ń tú u fó.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló máa ń gé purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí á sì gbé àwọn ègé náà síta, sí ojú awọ rẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ HLA ló ń gbé ègé wọ̀nyí dúró, ègé kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà ju amino acid (èròjà kéékèèké tí a fi ń to purotéènì) 8 sí 10 lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ń rìn káàkiri, wọ́n ń yẹ ègé wọ̀nyí wò lára sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Bí ègé náà bá jẹ́ èyí tí ara ti mọ̀, wọn á kọjá lọ. Bí àṣìṣe inú DNA bá ti yí i padà, sẹ́ẹ̀lì T tó mọ irú ègé bẹ́ẹ̀ á dúró. Á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà típẹ́típẹ́. Á da purotéènì kan tó ń jẹ́ perforin lé e lára, èyí tó ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Á wá ti òmíràn tó ń jẹ́ granzyme gba inú ihò náà wọlé, granzyme á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀ láti inú wá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Sẹ́ẹ̀lì T á já ara rẹ̀ gbà, á wá òmíràn lọ. A ti ń rí fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ yìí báyìí, tí wọ́n yà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò sì sí ìgbà tí mo wò ó tí kì í yà mí lẹ́nu.

Sẹ́ẹ̀lì T kì í kàn déédéé dìde sójú ìjà, ẹnìkan ló ń rán an. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tó ní ẹ̀ka lára, dendritic cell, tó máa ń he ègé jẹjẹrẹ níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń kú, tí á gbé e lọ sínú àwọn kókó kéékèèké tí ara ń lò fún ààbò, irú èyí tó wà lábẹ́ abíyá àti lọ́rùn. Ibẹ̀ ló ti ń fi ègé náà han sẹ́ẹ̀lì T. Ralph Steinman ló ṣàwárí rẹ̀ pẹ̀lú Zanvil Cohn ní 1973, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi gbà á gbọ́. Nígbà tí jẹjẹrẹ pancreas mú Steinman fúnra rẹ̀, ó gbìyànjú ìtọ́jú tí wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì yìí ṣe fún un, láti inú ẹ̀jẹ̀ òun gan-an. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ó gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn tó ń fúnni lẹ́bùn náà kò tíì gbọ́ pé ó ti kú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fura pé ara lè bá jẹjẹrẹ jà. Ní New York, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ William Coley rí i nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn pé ọkùnrin kan wà tí kókó jẹjẹrẹ yọ sí lọ́rùn. Wọ́n gé e, ó tún hù, wọ́n tún un gé, kò lọ, àfìgbà tí àrùn awọ kan tó ń jẹ́ erysipelas kọ lu ọkùnrin náà tí ibà sì mú un gidigidi. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kókó náà ti pòórá. Coley wá ọkùnrin yìí káàkiri ìlú títí ó fi rí i, láàyè, láìsí kókó lọ́rùn. Ní 1891, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún kòkòrò tó ń fa erysipelas sínú kókó àwọn aláìsàn mìíràn. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ó pa àwọn kan. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nígbà náà, ìtọ́jú onítànṣán sì dé, àwọn dókítà sì yà sọ́dọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò kú tán. Àjẹsára BCG tí wọ́n ṣe nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, Alvaro Morales ní Kánádà fi hàn ní 1976 pé bí wọ́n bá dà á sínú àpò ìtọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ó ń dín bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń padà wá kù. Wọ́n ṣì ń lò ó di òní.

Láàárín 1950 sí 1960, Macfarlane Burnet àti Lewis Thomas sọ ọ́ gbangba pé ara ń ṣọ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ti fẹ́ di jẹjẹrẹ ni ó ń pa kó tó dàgbà. Èrò tó dára ni, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì sí. Ní 1974, Osias Stutman fi oògùn tó ń fa jẹjẹrẹ gún àwọn eku kan tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọn kò ní sẹ́ẹ̀lì T. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ní kò ju ti àwọn eku tó pé lọ. Ọ̀rọ̀ tutù. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń sọ pé ara ń ṣọ́ jẹjẹrẹ kì í rí ẹni dá a lóhùn. Ìgbà tó yá ni a wá mọ̀ pé àwọn eku Stutman ṣì ní sẹ́ẹ̀lì T díẹ̀, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń pa jẹjẹrẹ.

Robert Schreiber, ní Washington University ní ìlú St. Louis, ló tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo eku tí kò lè ṣe sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì B, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, rárá. Àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2001. Apá kìíní rẹ̀ ni pé àwọn eku aláìláàbò yìí ní jẹjẹrẹ ju àwọn tó pé lọ. Apá kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ sí. Wọ́n yọ jẹjẹrẹ lára eku tó pé, wọ́n gbìn ín sára eku mìíràn tó pé: gbogbo rẹ̀ ló hù. Wọ́n yọ jẹjẹrẹ lára eku aláìláàbò, wọ́n gbìn ín sára eku tó pé: bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ kò lè hù, ara eku náà pa á run.

Ẹ wò ó dáadáa. Jẹjẹrẹ tó dàgbà níbi tí kò ti sí ẹni tó bá a jà, ẹlẹgẹ́ ni. Bó bá kan ara tó ní ọmọ ogun, kì í pẹ́ kú. Èyí tó dàgbà láàárín ọmọ ogun, tó ti la ìjà já, ló ń mú ojú ogun dání. Ìjà ara fúnra rẹ̀ ló ṣà á bẹ́ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó rọrùn láti dá mọ̀ ló ń kọ́kọ́ pa, èyí tó ṣòroó dá mọ̀ ló ń ṣẹ́kù, ọmọ ìyẹn ló sì ń kún ibẹ̀. Ààbò kan náà tó ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló tún ń ṣa èyí tó burú jù lọ jáde. Kò dùn mọ́ mi láti sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ó sì lè pẹ́ kí ìjà náà tó yanjú. Àwọn ẹgbẹ́ Schreiber kan náà fi hàn ní 2007 pé eku lè gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sára fún ìgbà pípẹ́, láìsí kókó tó hàn, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá mú sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ kúrò, kókó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Jẹjẹrẹ kò kú, kò sì dàgbà, ọmọ ogun dì í mú síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ eku nìkan nìyí, kó gbọ́ èyí. Ní 2003, àwọn dókítà ní Scotland tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn aláìsàn méjì tí wọ́n gba kíndìnrín lọ́wọ́ òkú kan náà. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ni melanoma mú, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara tó lágbára jù. Àwọn dókítà padà lọ wo ìtàn ẹni tó ni kíndìnrín: wọ́n ti gé melanoma kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 16 ṣáájú, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti san. Sẹ́ẹ̀lì melanoma ti ń bẹ nínú kíndìnrín rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí kíndìnrín náà wá dé ara àwọn tó ń lo oògùn tó ń mú kí ààbò ara rẹlẹ̀, kí ara wọn má baà kọ kíndìnrín àjèjì, kò sí ẹni tó dì í mú mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba ẹni tó ti gba ìtọ́jú rí tó bá gbọ́ ìtàn yìí. Ohun tí mo ń rí nínú rẹ̀ ni bí ara ẹni náà ṣe ṣiṣẹ́ tó, láìsí ẹni tó mọ̀, títí ó fi kú ikú mìíràn.

Ọgbọ́n tí jẹjẹrẹ ń dá láti bọ́ lọ́wọ́ ara kò lóǹkà, díẹ̀ ni mo lè mẹ́nu bà. Òmíràn á kó HLA rẹ̀ wọlé, kò ní gbé ègé kankan síta mọ́, sẹ́ẹ̀lì T kò sì ní rí ohun tí yóò yẹ̀ wò. Ara ti rò ìyẹn ṣáájú: oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan wà, NK, tó jẹ́ pé àìsí HLA gan-an ló ń mú kó fura. Klas Kärre ní Sweden ló tú àṣírí yẹn. Jẹjẹrẹ mìíràn á máa tú kẹ́míkà jáde tí kò ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T wọ àárín kókó. Òmíràn á jẹ gbogbo ṣúgà inú ibẹ̀ tán, á sì sọ àyíká rẹ̀ di kíkan, tí sẹ́ẹ̀lì T tó bá wọlé kò fi ní lè ṣe ohunkóhun.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ń fa àwọn ọmọ ogun kan sẹ́yìn ara rẹ̀. Macrophage jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó máa ń jẹ kòkòrò àrùn. Bí egbò bá ń jiná, òun kan náà ló ń tún ibẹ̀ ṣe, tó ń pe ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tuntun wá, tó sì ń sọ fún àwọn tó ń jà pé kí wọ́n rọra. Ní 1986, Harold Dvorak kọ̀wé pé kókó jẹjẹrẹ jọ egbò tí kì í jiná. Jẹjẹrẹ á máa rán iṣẹ́ bí ẹni pé egbò wà, macrophage á dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe, ẹ̀jẹ̀ tuntun á máa ṣàn lọ bá jẹjẹrẹ. Nínú àwọn kókó mìíràn, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n jẹ́ apá ńlá nínú ohun tí dókítà ń fọwọ́ kàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan sì tún wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà. Shimon Sakaguchi ní Japan ló fi wọ́n hàn ayé ní 1995, wọ́n sì fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2025. Láìsí wọn, ara á máa ba ara rẹ̀ jẹ́. Jẹjẹrẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń kó wọn jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ní láti ya ibì kan kí n tó tẹ̀síwájú. Ìjà ara tí kò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ lè bí jẹjẹrẹ. Ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú B bá wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà nínú ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ń kú, òmíràn ń bí láti dípò, àṣìṣe DNA sì ń pọ̀ sí i. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ń dènà gbogbo èyí kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ààbò ara àti jẹjẹrẹ, òun àti àjẹsára HPV (fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ) ni mo rò pé ó ti gba ẹ̀mí jù láìsí ariwo.

Ó kù bí a ṣe wá ń ran ara lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì T ní bíréèkì, ó sì gbọ́dọ̀ ní in. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ṣe eku tí kò ní purotéènì kan tó ń jẹ́ CTLA-4. Àwọn eku náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kí wọ́n tó kú: sẹ́ẹ̀lì T wọn ya bo ọkàn àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Ìyẹn ló fi hàn pé bíréèkì ni CTLA-4. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, James Allison fi hàn ní California pé bí wọ́n bá fi oògùn bo CTLA-4 fún ìgbà díẹ̀, eku lè pa jẹjẹrẹ ara rẹ̀ run. Ní Kyoto, yàrá ìwádìí Tasuku Honjo ti rí bíréèkì kejì, PD-1, ní 1992. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló máa ń gbé purotéènì PD-L1 sára, èyí tó ń tẹ bíréèkì náà. Sẹ́ẹ̀lì T á débẹ̀, á rí ègé tó yàtọ̀, á fẹ́ lu ú, PD-L1 á tẹ PD-1 rẹ̀, á sì dáwọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wá pa.

Oògùn ipilimumab tó ń tú bíréèkì àkọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2011, pembrolizumab tó ń tú èkejì sì gbà á ní 2014. Allison àti Honjo jọ gba Nobel ní 2018. Ní 2015, ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, Jimmy Carter, kéde pé melanoma ti dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ òun. Ọmọ ọdún 90 ni nígbà náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní pembrolizumab. Kí ọdún náà tó parí, ó sọ pé àwòrán kò fi jẹjẹrẹ kankan hàn mọ́. Ó pé ẹni 100 ọdún kó tó kú ní oṣù kejìlá 2024.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn Carter kó rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Bí wọ́n bá tú bíréèkì, kì í ṣe lára jẹjẹrẹ nìkan ló ń tú. Ìfun lè wú, kí ìgbẹ́ gbuuru má dáwọ́ dúró; ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, àti tairọ́ìdì ọrùn lè fara gbá a; lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó lè kan ọkàn, ìyẹn sì lè pani. Ẹni tó ń gba oògùn yìí kò gbọdọ̀ fi ìgbẹ́ gbuuru tàbí mímí tó ń nira fún un pamọ́ fún dókítà rẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn sì rèé, oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ rárá. Máíkírósíkóòpù lè sọ díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá gé kókó ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n kun sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀ láwọ̀, ẹ ó rí i pé nínú kókó kan, àmì àwọ̀ yẹn wà káàkiri, wọ́n há sáàárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Nínú òmíràn, gbogbo wọn tò sí etí, wọn ò lè wọlé. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ ò ní rí ọ̀kan. Ní 2006, Jérôme Galon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi hàn pé nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, iye sẹ́ẹ̀lì T àti ibi tí wọ́n wà nínú kókó lè sọ bí aláìsàn yóò ṣe pẹ́ tó láyé, ju bí kókó náà ṣe tàn ká tó lọ. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì T kò bá ti sí, kò sí bíréèkì tí oògùn lè tú.

Iye àṣìṣe inú DNA náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí ohun tó ń tún DNA ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì wọn ti bàjẹ́, àṣìṣe wọn sì pọ̀ débi pé ègé àjèjì kún ara wọn. Ní 2022, àwọn dókítà ní Memorial Sloan Kettering ní New York, tí Andrea Cercek wà lára wọn, fún àwọn aláìsàn tí irú jẹjẹrẹ yìí wà ní òpin ìfun wọn ní dostarlimab, oògùn mìíràn tó ń tú PD-1, fún oṣù mẹ́fà. Àwọn 12 tó kọ́kọ́ parí ìtọ́jú náà, kókó kò sí lára ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọn kò fún wọn ní kímò (oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ), wọn kò lo ìtànṣán. Mo ti ka ìròyìn náà lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi sì máa ń dùn nígbàkúùgbà tí mo bá tún un kà, nítorí mo mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ kò ju bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ òpin ìfun lọ. Fún ìyókù, oògùn tó ń tú bíréèkì nìkan kò tíì tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ dojú iṣẹ́ kọ báyìí: bí wọ́n ṣe máa mú kí sẹ́ẹ̀lì T wọ inú kókó tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé jẹjẹrẹ wà ní ìfun ńlá òun tàbí ti ẹbí rẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n ti yẹ kókó náà wò láti mọ̀ bóyá ohun tó ń tún DNA ṣe nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, kó sì béèrè kí wọ́n tó mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.